Ọwọ́ Òsì Lára Odi

Ìbídùnní ki ọwọ́ òsì bọ inú ẹrẹ̀, ó bu ìṣù amọ̀ kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara odi. Ìṣù náà dúró díẹ̀, ó yọ̀, ó já lulẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó tún lẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó fi èjìká tì í, ó fi orúnkún tì í, ó dúró tì í bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè lójú, títí amọ̀ náà fi gbà láti jókòó. Ó mí kanlẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ òmíràn.

Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò nù ún. Ọwọ́ wo ni ì bá fi nù ún? Ọ̀kan wà nínú ẹrẹ̀. Èkejì, ọwọ́ ọ̀tún tí í ṣe ọwọ́ iṣẹ́, ọwọ́ oúnjẹ, ọwọ́ ìkíni, wà lábẹ́ ìborùn ńlá tó fi dì í mọ́ àyà. Ó wú láti èjìká dé ọmọ ìka, awọ rẹ̀ ń dán, ó sì wúwo bí ìkòkò tó kún fómi.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀. Iyọ̀ òkun ti jẹ ìpín rẹ̀ lára odi láti àárín lọ sókè, ibi tó jẹ náà la ẹnu sílẹ̀ bí egbò, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń gba ibẹ̀ fẹ́ sí i lójú. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìpín àwọn ẹlòmíràn ti gún régé, amọ̀ tútù ń dán lára wọn. Tirẹ̀ nìkan ló dà bí eyín tó ká.

Oòrùn ti yẹ àtàrí. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ kan omi, Akàn, ẹ̀rọ onírin ìlú, yóò dé láti yẹ odi wò, ohun tí Akàn bá sì wí, abẹ gé e. Ìbídùnní bojú wo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, funfun ni. Ní báyìí ó ti pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Bí ó bá fi lè pọ́n tán bí epo, ẹ̀rọ omi àdúgbò kò ní dá a lóhùn mọ́. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò ní dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn Ilé Ìtànṣán, níbi tó ń yọ́ lọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ kí ẹ̀rọ lè máa jó ìyókù jẹjẹrẹ tó wà láyà rẹ̀, kò ní dá a lóhùn. Ènìyàn lè bẹ aládùúgbò fún omi. Ènìyàn lè sùn síta. Ṣùgbọ́n Ilé Ìtànṣán kan ṣoṣo ló wà ní Òkè-Ìsádi, ẹni tí kò bá sì ní ìpín lára odi kò ní ìpín nínú rẹ̀.

"Ìyá Bọ́sẹ̀!"

Ohùn Àṣàkẹ́ ni, láti orí ìpín tó bá tirẹ̀ pààlà. Ìbídùnní kò wẹ̀yìn.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé odi lò ń mọ ni, àbí ò ń bá a jìjàkadì?"

"Èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì."

"Lójú tèmi o, odi ló ń borí."

"Gbájú mọ́ tìrẹ, Àṣàkẹ́."

"Tèmi ti parí. Àwa tí à ń fi amọ̀ ṣòfò, a ti parí tiwa."

Ìbídùnní gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Òun ló sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹgbẹ́ àáró wọn pé jọ lábẹ́ igi àgbọn láti pín iṣẹ́, ó dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní òun kò bá wọn ṣe mọ́. Ó ní ìdajì ohun tí wọ́n bá bù ni ilẹ̀ ń jẹ, pé iṣẹ́ wọn kún fún ariwo, pé òun yóò dá tòun ṣe. Ojú Àṣàkẹ́ yípadà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, kí òkun tó gbé ìlú àwọn ìyá wọn mì, Àṣàkẹ́ ló ń di irun fún Ìbídùnní. Kò sí ọ̀rọ̀ tí orí méjì tó ti súnmọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ kì í sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, Ìbídùnní kò lè sọ ọ́.

Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́? Àáró, ohun tí a bá ṣe fún ọ ni ìwọ náà yóò ṣe padà. Ẹni tó jẹ àáró tí kò san án, olè ni. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú ọ̀tún rẹ̀ ní Ilé Ìtànṣán, tí apá bẹ̀rẹ̀ sí wú, ó mọ̀ pé òun kò ní lè san àáró ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí, bóyá láéláé. Ó yàn láti jẹ́ agbéraga ju kí ó jẹ́ olè lọ.

Bí ó bá sì sọ òtítọ́ ńkọ́? Ìyá Dáre sọ òtítọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi dárúkọ jẹjẹrẹ fún àdúgbò. Ẹnikẹ́ni kò bú u, ẹnikẹ́ni kò sì lé e. Wọ́n ń gbé oúnjẹ lọ fún un bí ènìyàn rere. Ṣùgbọ́n ewé ni wọ́n fi ń wé e, ìrẹsì nínú ewé, àsáró nínú ewé, kódà ọbẹ̀ nínú ewé, nítorí ewé kì í padà sílé ẹni tó gbé e wá. Abọ́ ni í padà. Ìyá Dáre jẹun nínú ewé títí ó fi kú, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ìbídùnní tún bu ìṣù kan.

Ó gbọ́ ìró irin lórí òkúta kí ó tó rí i. Akàn ń rìn bọ̀ lórí odi pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ̀, ó ń yí ojú rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí ọ̀pá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ó dúró lókè orí rẹ̀, ó tan iná aláwọ̀ aró sára amọ̀, iná náà sì ń kọjá lórí ojú àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan tó hàn lára rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, oní-ìpín." Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i lẹ́nu, ohùn tó tutù bí ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò láyé àtijọ́. "Mo rí ọwọ́ àjèjì lára odi yín."

"Àjèjì kankan kò débí. Ọwọ́ mi ni."

"Ọwọ́ ọ̀tún yín ni mo mọ̀. Èyí kì í ṣe òun."

"Ọwọ́ òsì mi ni."

Akàn fa ojú rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá sí létí. "Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ lò ó. Bí ó bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe ọ̀wẹ̀, kí ẹ sì wí ìdí rẹ̀ sí etí odi. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan iṣẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ pè é, ìpín yín bàjẹ́, ìpín tirẹ̀ náà sì bàjẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún yín ni yóò fi òǹtẹ̀ lu iṣẹ́ náà nígbà tó bá parí. Mo ń padà bọ̀ nígbà tí oòrùn bá kan omi. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbé ẹsẹ̀, ó lọ.

Ìlú ló ṣe òfin náà, kì í ṣe Akàn. Láyé ìgbà kan, àwọn ọlọ́rọ̀ ń kó alágbàṣe wá sórí ìpín wọn, wọ́n á ní àwọn ènìyàn náà ló fẹ́ràn wọn tí wọ́n fi yà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìdí rẹ̀ sọlẹ̀: ọ̀wẹ̀ tí a kò pè kì í ṣe ọ̀wẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ pè é nígbà mẹ́ta, kí ó sì wí ìdí rẹ̀, kí etí odi, ohun dúdú tó rí bí olú lórí òpó ààlà kọ̀ọ̀kan, lè gbọ́. Òfin rere ni. Ìbídùnní fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó nawọ́ sókè fún un.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹ wá wò ó!"

Gbénró ni. Ìpín rẹ̀ wà lápá òsì, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. "Ọwọ́ àlàáfíà ni Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ń mọ odi! Odi tó dá òkun dúró fún gbogbo wa! Ẹ̀yin màmá, bí ẹ bá fẹ́ kí òkun wọlé wá bá wa, ṣé kò yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa ni?"

"Gbénró, fi mí sílẹ̀."

"N kò fọwọ́ kàn yín o. Ìpín tèmi kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́."

Àwọn ará àáró ti ń jọ sí ààlà. Kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kọjá òpó. Ní Òkè-Ìsádi, bí ọmọdé bá fi ọwọ́ òsì gba omi, wọ́n á gbá a lọ́wọ́. Kí àgbàlagbà fi ọwọ́ òsì mọ odi ìlú, èébú ni, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Ìbídùnní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń retí, bí òmùgọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣàkíyèsí.

Bàbá Ọlátẹ́jú, olórí àáró, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ààlà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹrẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

"Ìbídùnní ọmọ mi."

"Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o fi ọwọ́ yẹn mọ odi?"

"Ọwọ́ ọ̀tún ló fẹsẹ̀ kọ, sà. Mo fi gbá ilẹ̀kùn. Kò le."

Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ lórí. Ọwọ́ ń fẹsẹ̀ kọ bí? Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì tètè pa á mọ́ ẹnu. Bàbá Ọlátẹ́jú kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìborùn náà pẹ́.

"Ọwọ́ kan, ọmọ mi, kò lè gbé igbá..."

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ má pòwe fún mi. Odi ni mò ń mọ. N kò gbé igbá."

Kò sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ sí Bàbá Ọlátẹ́jú. Arúgbó náà mi orí.

"Ó dáa. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Etí tiwa kò di." Ó yíjú, ó lọ jókòó sórí òkúta kan lẹ́yìn ààlà. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n jókòó. Àṣàkẹ́ náà jókòó. Gbénró fẹ̀yìn ti òpó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Wọn kò lọ sílé. Iṣẹ́ wọn ti parí, wọn kò sì lọ. Ìbídùnní mọ ohun tí wọ́n jókòó dè. Wọ́n fẹ́ rí i bí Akàn yóò ṣe dójú tì í. Ó bínú, ìbínú náà sì wúlò. Ó fi lẹ ìṣù kan, ó fi lẹ òmíràn. Nígbà tí ìbínú tán, okun náà tán.

Ó gbìyànjú láti yọ ọwọ́ ọ̀tún lábẹ́ ìborùn. Ó yọ ọ́ dé ìgbòǹwọ́. Ó rọra ki àwọn ìka tó wú náà bọ inú ẹrẹ̀, ó sì gbé e. Ìrora kan gba abẹ́ apá rẹ̀ wọ ibi tí ọmú wà tẹ́lẹ̀, ó gba ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn gbígbóná fa iṣan yọ. Amọ̀ já. Ó ṣubú lórí orúnkún. Orí rẹ̀ kọlu odi, gèlè rẹ̀ sì yẹ̀. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ gbá a mú kíákíá kí wọ́n má baà rí orí tí oògùn jẹjẹrẹ ti fá, tó dán bí ẹyin lábẹ́ rẹ̀.

Ó wà níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ lára amọ̀ tútù. Láti ihò tó wà nínú odi, ó ń wo òde. Omi ni títí lọ dé ibi tí ojú mọ. Góńgó orí afárá àtijọ́ kan yọ jáde bí egungun ẹ̀yìn ẹja ńlá. Àwọn ọkọ̀ Ẹ̀yìn-odi ń léfòó lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tí aṣọ àkísà bò, níbi tí àwọn tí ìlẹ̀kẹ̀ wọn ti pọ́n ń gbé. Wọ́n ń pẹja. Àwọn kan ń pẹ́ láyé níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ń pẹ́ láyé níbẹ̀.

Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lókè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi sínú aṣálẹ̀. Kò sọ fún un. Kí ni ọmọ náà yóò ṣe ju kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó wá jókòó, kí ó máa sunkún?

Ẹkún gbọ̀n ọ́n lára. Ó gbé e mì. Ní Òkè-Ìsádi a kì í fi omi ṣòfò, ì báà ṣe omi ojú. Ṣùgbọ́n èyí kò gbọ́ ti òfin. Ó dà, ó sì ń dà.

*Ó ti parí,* ni ó wí nínú ọkàn rẹ̀. *Jẹ́ kí wọ́n rí i tán, kí wọ́n máa lọ.*

Ó yíjú sí wọn, kí ó lè wo ojú àwọn tó ń fi í ṣe ìran wò. Ìtìjú kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ gòkè dé ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn ló rí.

Ẹrẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn.

Ó kọ́kọ́ wò ó láìrí i. Lẹ́yìn náà ló rí i. Iyọ̀ wà nínú amọ̀ odi, bí ó bá gbẹ mọ́ ènìyàn lára, jíjó ló ń jó ni, awọ á bó. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó parí ìpín rẹ̀ ń ṣe ni kí ó ṣan ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ́, iṣẹ́ tán. Ọmọ ọlọ́dún méje mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ti parí láti ọ̀sán. Kòtò omi wà lẹ́yìn wọn gan-an. Ẹrẹ̀ ti gbẹ lẹ́sẹ̀ wọn, ó ti funfun, ó ti sán, ojúgun Bàbá Ọlátẹ́jú sì ti pọ́n yí etí ẹrẹ̀ náà ká. Àṣàkẹ́ ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì, ara ń ta á, kò sì dìde lọ sídìí omi.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àṣàkẹ́, òkìtì kan wà tí wọ́n fi ewé kókò bò mọ́lẹ̀. Amọ̀ ni. Amọ̀ tútù, tí wọ́n ti gún, tí wọ́n bò kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́. Ta ló ń gún amọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán?

Ọ̀rọ̀ náà dé bá Ìbídùnní bí omi tútù. Wọn kò jókòó wò ó. Wọ́n jókòó dè é. Wọn kò lè gbé ẹsẹ̀, àfi bí ó bá la ẹnu.

Síbẹ̀, ó ku ẹnu tí yóò là. Wọ́n lè máa dúró de obìnrin tó fi ọwọ́ ṣèṣe. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ohun tó ń ṣe é ńkọ́? Ó tún rí ewé tí wọ́n fi wé ọbẹ̀ Ìyá Dáre, bí epo ṣe ń jò lábẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ti súnmọ́ omi. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di epo.

Ó fara ti odi, ó dìde. Ó dúró kọjú sí òpó ààlà.

"Mo pe ọ̀wẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò jáde tó. Etí odi kò tàn. Ó wú ikọ́, ó tún un wí. "Mo pe ọ̀wẹ̀! Èmi Ìbídùnní, mo pe ọ̀wẹ̀ sórí ìpín mi. Ara mi kò le."

Etí odi tàn, ó tún kú. *Ara mi kò le* kì í ṣe ìdí. Ẹnikẹ́ni kò mira.

"Mo pe ọ̀wẹ̀. Jẹjẹrẹ ni." Ó ti jáde. Kò ṣeé gbé mì mọ́. "Ọmú ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gé e. Apá mi wú, n kò lè gbé e. N kò mọ̀ bóyá n óò yè. N kò sì ní lè san án fún yín."

Etí odi tàn, kò kú. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde. Ìpè kan ṣì kù, gbogbo wọn sì mọ̀ ọ́n. Ó rí Gbénró tó yọ ẹ̀yìn kúrò lára òpó. Gbénró wò ó, ó wo àyà rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Ó rìn lọ sídìí kòtò omi, ó ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan, èkejì, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ìbídùnní wò ó títí ó fi kọjá. *Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn,* ni ó rò.

"Pè é tán!" Àṣàkẹ́ kígbe. "Ìbídùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pè é tán, kí ẹrẹ̀ yìí tó pa mí!"

"Mo pe ọ̀wẹ̀," ni Ìbídùnní wí lẹ́ẹ̀kẹta. "Ẹ gbà mí. Jẹjẹrẹ ló ń ṣe mí."

Kò tíì pa ẹnu dé tí wọ́n fi dé. Ṣe ni wọ́n rọ́ kọjá ààlà bí ewúrẹ́ tó rí ẹnu ọ̀nà. Ewé kókò fò lórí òkìtì amọ̀. Bàbá Ọlátẹ́jú ń fi ọ̀pá júwe, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ihò! Ìdí ihò, mo ní!" Ẹnìkan gun èjìká ẹnìkan. Ìṣù ń fò láti ọwọ́ dé ọwọ́.

"Ẹ bù ú kékeré o," obìnrin kan pariwo, "Ìyá Bọ́sẹ̀ ní à ń fi amọ̀ ṣòfò!"

"Ẹ má jẹ́ kí ó já! Yóò tún fi wá sílẹ̀ lọ!"

Àṣàkẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ìbídùnní, ó dì í mú ní apá òsì, ó fà á jókòó. Inú ń bí i.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?" Ìbídùnní bi í.

"Láti ìgbà tí o kò ti gbé orí wá mọ́! Orí tí mo ti ń dì láti kékeré. O rò pé mo gbà pé o ti kọ́ bí wọ́n ti ń dá irun ara ẹni dì? Ìwọ tí o kò lè di gèlè kí ó gún?"

"Èé ṣe tí o kò sọ?"

"Ẹnu mi ni n óò fi pè é fún ọ? Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Mo ń bú ọ lójoojúmọ́ kí o lè bínú sọ ọ́. Alágídí." Ó nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ẹrẹ̀ sì kùn ún lójú. "Olórí kunkun."

"Gbénró ti lọ."

"Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ẹ̀rù ń bà á," ni Bàbá Ọlátẹ́jú wí láìyíjú. "Òpè rò pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé e. Fi í sílẹ̀. Bóyá yóò gbọ́n. Bóyá kò ní gbọ́n. Odi kò lè dúró dè é."

Nígbà tí Akàn fi máa dé, ihò ti dí. Oòrùn ti kan omi, ọ̀sà sì pọ́n. Àwọn ará àáró fà sẹ́yìn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Iná aláwọ̀ aró náà kọjá lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ọ̀wẹ̀," ni Akàn wí. Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà lórí odi, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń gbọ́ ọ. "Ìdí ọ̀wẹ̀: jẹjẹrẹ. Mo gbà á. Kí oní-ìpín fi òǹtẹ̀ lù ú."

Ìbídùnní yọ ìborùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí apá náà bó ṣe rí. Ẹnìkan fa èémí. Ó gbìyànjú láti gbé e, kò gòkè ju ìbàdí lọ. Àṣàkẹ́ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká ti ìgbòǹwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọrùn ọwọ́ bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, ó sì gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ìbídùnní gé ètè jẹ. Àtẹ́lẹwọ́ náà kan amọ̀, ó rì.

Iná kọjá lórí rẹ̀. Ó tún kọjá.

"Ọwọ́ yìí fẹ̀ ju ti èṣí lọ," ni Akàn wí. "N kò mọ̀ ọ́n."

Àwọn ará àáró tún rọ́ síwájú.

"Òun ni!" ẹnìkan kígbe. "Ó wú ni!"

"N kò mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́rìí dà? Ẹni tó bá jẹ́rìí, kí ó fi ìpín tirẹ̀ dúró. Bí ó bá jẹ́ èké, méjèèjì lọ."

"Àṣàkẹ́, má ṣe é," Ìbídùnní sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí ó bá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ ni. Kò mọ̀ wá."

"Èmi mọ̀ ọ́." Àṣàkẹ́ kò jọ̀wọ́ apá náà. Ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó sì tẹ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ mọ́ amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ìka méjì kan ara wọn. "Èmi Àṣàkẹ́. Ọwọ́ Ìbídùnní ni. Mo fi ìpín mi dúró."

Ojú Akàn méjèèjì yí sí wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ Àṣàkẹ́, tó ti funfun láti ọ̀sán, pọ́n. Ìbídùnní pa ojú dé.

Nígbà tó là á, ìró irin ti ń lọ lórí òkúta, ohùn tútù náà sì ń wí fún oní-ìpín tó kàn pé ẹ kú iṣẹ́. Ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì funfun bí ẹyin.

Wọn kò hó. Ó rẹ̀ wọ́n jù. Wọ́n bọ́ sínú kòtò omi, wọ́n ń ṣan ẹsẹ̀, wọ́n ń kérora, wọ́n ń bú ara wọn nítorí omi tí wọ́n ń ta sí ara wọn lára. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣan ẹsẹ̀ Ìbídùnní fún un, kò sì rọra ṣe é, bí ẹni ń fọ ìkòkò tó jóná. Bàbá Ọlátẹ́jú ní kí wọ́n má fi omi ṣòfò.

Ara ń ro Ìbídùnní láti orí dé ẹsẹ̀. Lọ́la, kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò tún dùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Dókítà kò tíì sọ fún un pé yóò rí odi ọdún tó ń bọ̀, kò sì sọ pé kò ní rí i.

"Ìwọ," Àṣàkẹ́ pè é. Ó ti lọ sídìí agbọ̀n rẹ̀, ó gbé nǹkan kan bọ̀. Abọ́ tánganran ni, aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti họ níbi kan. Ìbídùnní mọ̀ ọ́n. Ìyá Àṣàkẹ́ ló gbé e sá jáde lọ́jọ́ tí òkun wọ ìlú. Àsáró ló wà nínú rẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Jẹ́ kí n wá ewé," ni Ìbídùnní wí, ó sì ń wo ilẹ̀, "kí n lè dà á sí i."

"Ewé ti kí ni? Abọ́ mi ni n óò gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́la, nígbà tí mo bá ń bá ọ lọ sí Ilé Ìtànṣán. Fọ̀ ọ́ dáadáa. Má sì fi yanrìn ha á lára."

Ìbídùnní na ọwọ́ òsì, ó rántí, ó sì fẹ́ fà á sẹ́yìn. Àṣàkẹ́ pòṣé. Ó ká ìborùn náà ní òṣùká, ó fi lé orí gèlè rẹ̀, ó bá a gbé abọ́ náà ru, ó sì fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé etí abọ́ kí ó lè dì í mú.

"Ó dúró?"

"Ó dúró."

Ìbídùnní yíjú kúrò lára odi, apá tó wú náà wà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n.